Ọwọ́ Tó Ya Spitfire

Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ni mo ti kọ tí orúkọ ẹlòmíràn wà lórí rẹ̀. Ìdí nìyí tí ìtàn Giovanni Michelotti, ọmọ ìlú Turin ní Ítálì, fi wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Òun ló ya àwòrán Herald tí Standard-Triumph ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní ọdún 1959, ṣùgbọ́n Triumph ni wọ́n kọ sí ara ọkọ̀.

Ti Spitfire ló ká mi lára jù. Ó ti yà á, wọ́n ti fi irin gbé àpẹẹrẹ àkọ́kọ́ kalẹ̀, ni owó bá wọ́n ilé-iṣẹ́ náà. Wọ́n da aṣọ bò ó ní kọ̀rọ̀. Nígbà tí Leyland ra ilé-iṣẹ́ ọ̀hún ní 1961, àwọn ọ̀gá tuntun ń yẹ ibẹ̀ wò, wọ́n bá ṣí aṣọ. Ọkọ̀ pẹlẹbẹ, arẹwà, tí gbogbo iwájú rẹ̀ ń ṣí lẹ́ẹ̀kan náà bíi ti Herald (mẹkáníìkì wo ni kò ní fẹ́ ẹ?). Iṣẹ́ méjì tèmi náà ṣì wà lábẹ́ aṣọ.

Spitfire jáde ní 1962. Èyí tí wọ́n ṣe lé ní 300,000 kí wọ́n tó dáwọ́ dúró ní 1980, ọdún tí Michelotti kú.