Ṣé Ọmọ Ìyá Ni Èdè Wa àti Èdè Ẹdó?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwa Yorùbá ìlú Ìbíní máa ń sọ láàárín ara wa, pé Yorùbá tó bàjẹ́ ni èdè Ẹdó. Ọ̀rọ̀ náà kò dára lẹ́nu àlejò, kì í sì í ṣe òótọ́. Bí onílé bá gbọ́ ọ, ìjà ni.

Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀ta tiwa, eha ni wọ́n ń pè é. Etí, ehọ ni. Níbi tí a ti ń lo t, h ni tiwọn. Ẹ̀rin tiwa ni ene. Erin inú igbó ni eni. R tiwa bọ́ sí n lọ́dọ̀ wọn lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ìyàtọ̀ tó bá ń tẹ̀lé ìlànà báyìí kì í ṣe ti ìbàjẹ́, ti ẹbí ni. Ìgbò náà ń wí atọ, ntị, anọ, enyi. Kódà ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, àwọn tó ń sọ Swahili ń pe ẹ̀ta ní tatu, ẹ̀rin ní nne.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o. Ògún, Èṣù àti Olókun tí a jọ ń pè kò tó ẹ̀rí. Ọjà, oyè àti òrìṣà a máa gbé ọ̀rọ̀ rìn. Àwọn ará Japan gba ìkọ̀wé àti ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn ará Ṣáínà, síbẹ̀ èdè wọn kò bára tan. Ti Tibet àti ti Burma ló bá èdè Ṣáínà tan.

Àwọn tó sún mọ́ wa jù ni Itsekiri ní Wàrì àti Ígálà ní Ìdá. Ní 1963, Joseph Greenberg kó Yorùbá, Ẹdó àti Ìgbò sínú ìdílé Kwa. Lẹ́yìn náà àwọn onímọ̀ èdè gbé wọn lọ sí Benue-Congo, nínú agbo ńlá Niger-Congo. Ìyapa àwọn èdè wọ̀nyí ti pẹ́ ju ayé Ọ̀rànmíyàn àti Ẹwẹka lọ fíìfíì. Nítorí náà, àríyànjiyàn Ifẹ̀ àti Ìbíní, ta ni ẹ̀gbọ́n, èdè kò lè dá a.

Ohun tó ń kọ wá lóminú ni àwọn ọmọ wa tí a bí síhìn-ín. Púpọ̀ nínú wọn, Pijin nìkan ló yọ̀ wọ́n lẹ́nu; wọn kò gbọ́ ti ilé, wọn kò gbọ́ ti ìlú tó gbà wá. A ti dábàá pé kí wọ́n máa ka ení, èjì ní Yorùbá àti Ẹdó níwájú ìpàdé, kí àwọn ìyá àgbà tó ti pẹ́ lọ́jà máa tún un ṣe fún wọn.