Ìgbín Kékeré Tó Di Owó

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí a máa rí owó ẹyọ lára ẹ̀kú eégún, lójúbọ òrìṣà àti nínú irun ọmọge, wọ́n á rò pé etí ọ̀sà Èkó ni a ti ṣà á. Rárá o. Àlejò ni. Òkun tó yí àwọn erékùṣù Maldives ká, nísàlẹ̀ Íńdíà lọ́hùn-ún, ni a ti kó ọ̀pọ̀ rẹ̀ wá. Ohun abẹ̀mí sì ni kó tó di owó: ìgbín òkun kékeré tí gígùn rẹ̀ kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ.

Lọ́sàn-án, abẹ́ òkúta ló ń sá sí; ilẹ̀ á ṣú kó tó jáde wá jẹ ohun tútù tó hù lára òkúta. Dídán rẹ̀ ló máa ń yà mí lẹ́nu jù. Ẹran ara rẹ̀ tó fẹ́lẹ́ ló ń nà jáde lọ́tùn-ún lósì, tí yóò bo karawun náà lẹ́yìn bí ẹni da aṣọ bora. Ẹran yẹn ló ń mọ karawun náà nípọn, òun náà ló ń mú un dán. Ní kékeré rẹ̀, ẹnu karawun gbòòrò, etí rẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Ìgbà tó bá dàgbà ni etí náà yóò ká wọnú, tí eyín yóò yọ sí i, tí ẹnu á wá di tóóró tí a mọ̀ ọ́n sí.

Àwọn ará Maldives a máa ju imọ̀ àgbọn sómi kí ìgbín náà lè so mọ́ ọn. Wọ́n á rì í mọ́ iyanrìn títí ẹran yóò fi jẹrà, wọ́n á fọ̀ ọ́, ó di ọjà. Arìnrìn-àjò Ibn Battuta bá òwò náà níbẹ̀ láàárín 1343 sí 1344. Nígbà tó yá, ọkọ̀ Potogí, ti Dọ́ọ̀ṣì àti ti Gẹ̀ẹ́sì ń gbé e wá sí etíkun wa, wọ́n ń fi ra ènìyàn. Ilé tí ìgbín mọ fún ara rẹ̀ ni wọ́n fi díye lé ọmọ ẹni ẹlẹ́ni. Àwọn kan nínú wa sì gbà á, wọ́n kà á, wọ́n ní ó pé.

Ẹyọ 40 ni okùn kan, okùn 50 ni ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan: 20,000. Ọjà ńlá gba kí alárù bá ni ru owó. Ẹ̀yin tó rò pé òde òní ni owó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di yẹpẹrẹ, ẹ gbọ́: láti nǹkan bí 1845 ni oníṣòwò Jámánì ti ń kó ẹ̀yà mìíràn, tó tóbi jù ú lọ, wá láti Zanzibar. Ó pọ̀ lọ́jà débi pé iye rẹ̀ já wálẹ̀ pátápátá, kí ṣílè Òyìnbó tó wá gbapò rẹ̀.

Àwọn olórìṣà ṣì ń da ẹyọ 16 láti ṣe àyẹ̀wò, nílé níbí, ní Brazil àti ní Cuba. Ẹ̀yin ọmọ mi tó ń rìnrìn àjò, bí ẹ bá dé etíkun Maldives tàbí Zanzibar, tí ẹ rí ìgbín yìí láàyè lábẹ́ òkúta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ síbẹ̀.