Ẹsẹ̀ Ayára àti Ìwé Ẹ̀rí: Àwọn Èwe Asáré Ilẹ̀ Wa Lójú Ọ̀nà Yunifásítì Òkèèrè

Bí ọyẹ́ bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì wọ sáà kejì nínú ọdún ẹ̀kọ́, ariwo eré ìdárayá a sọ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama láti Ara títí dé Ẹdẹ. Wọn a ro koríko orí pápá, wọn a fa ìlà funfun sílẹ̀, wọn a pín àwọn ọmọ sí ilé pupa, ilé ewé, ilé búlúù àti ilé ìyeyè. Ọmọ tó bá kọ́kọ́ já okùn yóò gba abọ́ ike tàbí ìwé ìkọ̀wé mélòó kan, àwọn òbí a pàtẹ́wọ́, onílù a kì í, ó parí. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ yóò fi yí po, kò sí ẹni tó lè sọ iye ìṣẹ́jú àáyá tí ọmọ náà fi sáré, nítorí pé kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ibi tí a bá fi iyọ̀ sí ló ń ṣomi. Ibi tí àwọn ará ilẹ̀ yìí fi iyọ̀ sí nínú eré sísá ni ìdùnnú ọjọ́ kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ẹsẹ̀ ayára lè gbà fún ọmọ ju abọ́ ike lọ, ẹ̀rí rẹ̀ kò sì jìnnà sí Ara rárá. Ní Òṣogbo, tó jẹ́ ìlú alámùúlégbè, ni wọ́n bí Ọlápàdé Adeniken sí ní ọdún 1969. Eré sísá ló gbé e dé Yunifásítì Texas tó wà ní El Paso. Ní ọdún 1992, òun ló gba ipò kìn-ín-ní nínú eré ọgọ́rùn-ún mítà àti igba mítà ní ìdíje àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, èyí tí àjọ NCAA ń ṣètò. Ní ọdún yìí kan náà, ní ìdíje Òlíḿpíìkì ní Barcelona, òun, Chidi Imoh, Olúyẹmí Káyọ̀dé àti Davidson Ezinwa fi ìṣẹ́jú àáyá 37.98 gba àmì-ẹ̀yẹ fàdákà nínú eré afọ̀pásáré onímítà ọgọ́rùn-ún lọ́nà mẹ́rin. Amẹ́ríkà nìkan ló ṣíwájú wọn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fiyè sí nínú ìròyìn Barcelona ni pé àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ti gba ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ gíga Amẹ́ríkà kọjá. Imoh lọ sí Yunifásítì Missouri, Káyọ̀dé lọ sí Brigham Young, Ezinwa sì lọ sí Azusa Pacific. (Káyọ̀dé kò pẹ́ láyé, ìjàm̀bá ọkọ̀ ló pa á ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1994.) Kì í sì í ṣe eré sísá nìkan ló ń la irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Muslim Teachers' College ní Èkó ni Hakeem Olajuwon wà kí ó tó lọ sí Yunifásítì Houston ní ọdún 1980. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni, kí àwọn tó ń gba ẹ̀kọ́ olùkọ́ lónìí má ṣe gbàgbé.

Ní ti ìran òde òní, kò sí àpẹẹrẹ tó yéni tó ti Olúwatóbilọ́ba Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n bí ní ọdún 1997. Olùkọ́ ni bàbá rẹ̀, olùkọ́ ni ìyá rẹ̀. Our Lady of Apostles ní Ìjẹ̀bú-Òde ló ti ka ìwé girama. Ní ìdíje àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà tó wáyé ní Warri ní ọdún 2013, eré igba mítà gbalasa ló sá tó fi gba fàdákà. Eré afògìrìfò tí gbogbo ayé wá mọ̀ ọ́n sí kò tíì di tirẹ̀ nígbà náà. Ọdún méjì lẹ́yìn èyí ló gba wúrà nínú eré afògìrìfò ní ìdíje gbogbo Áfíríkà ní Brazzaville. El Paso tí Adeniken lọ ni òun náà lọ, ó sì di olúborí NCAA ní ọdún 2017. Ní oṣù keje ọdún 2022, ní Eugene, ó fi ìṣẹ́jú àáyá 12.12 sáré, ó sì pa 12.20 tí Kendra Harrison fi lélẹ̀ ní ọdún 2016 rẹ́. Ẹni tó bá wo ìtàn yìí dáadáa yóò rí i pé ọmọ tí wọ́n rò pé eré gbalasa ni tirẹ̀ nílò ẹni tí yóò fi ara balẹ̀ wò ó fún sáà mélòó kan kí ibi tí agbára rẹ̀ wà tó hàn.

Bí a bá ní kí a yẹ sáà kan wò ní pàtó, ti ọdún 2021 ló yẹ kí a mú. Nínú oṣù kẹjọ ọdún náà, ìdíje àgbáyé fún àwọn tí kò tíì pé ogún ọdún wáyé ní Nairobi. Nàìjíríà gba wúrà mẹ́rin: ti Imaobong Nse Uko, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, nínú eré irinwó mítà, ti Udodi Onwuzurike nínú igba mítà, ti àwọn obìnrin nínú afọ̀pásáré onírinwó mítà, àti ti àpapọ̀ ọkùnrin òun obìnrin nínú irú eré kan náà. Òótọ́ kì í kú: Amẹ́ríkà kò kó àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀ wá sí Nairobi nítorí àrùn kòrónà, èyí sì mú kí ọ̀nà fẹ̀ díẹ̀. Síbẹ̀, aago kò mọ ẹni tó wá àti ẹni tí kò wá. Ìṣẹ́jú àáyá 20.21 tí Onwuzurike fi sáré kì í ṣe ohun àfọwọ́rọ́ sẹ́yìn níbikíbi. Yunifásítì Stanford ló lọ, ó sì gba ipò kìn-ín-ní ní NCAA ní ọdún 2023.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dé Nairobi ni ọ̀rọ̀ ìtìjú ti ṣẹlẹ̀ ní Tokyo. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù keje ọdún 2021, àjọ tó ń ṣọ́ ìwà mímọ́ nínú eré sísá àgbáyé kéde pé mẹ́wàá nínú àwọn eléré Nàìjíríà kò ní í lè kópa nínú Òlíḿpíìkì. Wọn kò mu oògùn. Àyẹ̀wò ni kò pé. Òfin béèrè pé kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ eléré wò láìsọ fún un ṣáájú, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹta, láàárín oṣù mẹ́wàá tó ṣáájú ìdíje, kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sì wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Àwọn tó ń kàwé ní Amẹ́ríkà wà lára àwọn tó fara gbá a. Favour Ofili, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Louisiana, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Òun yìí kan náà ló kéde ní ọdún 2024 pé wọn kò fi orúkọ òun sílẹ̀ fún eré ọgọ́rùn-ún mítà ní Paris. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìwé ṣe é ní ohun tí ẹsẹ̀ kò ṣe é.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kan olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Ohun tí NCAA ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ tó fẹ́ díje ní ìpele kìn-ín-ní kì í ṣe eré nìkan. Iṣẹ́ mẹ́rìndínlógún ló gbọ́dọ̀ ti kà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ àwùjọ, kí ìdiwọ̀n èsì rẹ̀ sì tó 2.3. Láti ọdún 2023 ni àjọ náà ti yọ ìdánwò SAT kúrò nínú ohun tó ń béèrè, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí WAEC tàbí NECO kò ṣeé fi sílẹ̀. Wọ́n tún ń béèrè èsì ọdọọdún láti ọdún kẹsàn-án ẹ̀kọ́, èyí tí í ṣe JSS 3 lọ́dọ̀ wa. Mélòó nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó wà lágbègbè yìí ló lè fa ìwé èsì JSS 3 ọmọ kan yọ lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, tí òjò kò pa á, tí ikán kò jẹ ẹ́, tí ọjọ́ ìbí inú rẹ̀ sì bá ti ìwé ìbí mu? Àwọn kan ti sọ ìbéèrè yìí di òwò. Wọn a gba owó lọ́wọ́ òbí pé àwọn yóò ṣe ìwé, ìwé èké ni wọn a sì ṣe.

Ní Kánádà, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù pẹlẹbẹ lórí yìnyín, ìdíje àwọn ọ̀dọ́ máa ń gba oṣù púpọ̀ nínú ọdún, wọn a sì máa kọ iṣẹ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ láti ìdíje dé ìdíje. Olùkọ́ yunifásítì tó fẹ́ mú ọmọ kò ní láti méfò. Lọ́dọ̀ wa, ọjọ́ kan nínú ọdún ni.

Owó ẹ̀kọ́ náà kò sì rí bí àwọn òbí ti rò. Títí di ọdún 2025, àpapọ̀ ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ tí yunifásítì ìpele kìn-ín-ní lè fún àwọn asáré ọkùnrin kò ju 12.6 lọ, ti obìnrin kò ju 18 lọ, wọn a sì máa fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ láàárín ọ̀pọ̀ ọmọ. Nítorí náà, ẹni tí wọ́n ní ó rí ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ gbà lè jẹ́ ìdajì tàbí ìdámẹ́rin ló rí. Ní ọdún 2025, àdéhùn tuntun tí ilé-ẹjọ́ fọwọ́ sí mú òpin yẹn kúrò fún àwọn yunifásítì tó gbà láti tẹ̀lé e, wọ́n sì fi òpin sí iye eléré dípò rẹ̀: márùn-dínláàádọ́ta fún eré sísá.

Ẹnu àtidé ibẹ̀ náà tún ti há. Ní oṣù keje ọdún 2025, Amẹ́ríkà sọ físà àwọn ọmọ Nàìjíríà, ti akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú rẹ̀, di àwọ̀lẹ́ẹ̀kan fún oṣù mẹ́ta. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, ààrẹ ibẹ̀ bu ọwọ́ lu ìkéde tó dá fífún ọmọ Nàìjíríà ní físà akẹ́kọ̀ọ́ dúró láti ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2026. Ìkéde náà yọ àwọn tó ń lọ fún Òlíḿpíìkì àti ìdíje Ife Àgbáyé sọ́tọ̀. Eré àwọn yunifásítì kò sí níbẹ̀. Àwọn tó ti ní físà lọ́wọ́ kó yọ. Àwọn tó kàn ni àwọn tó wà ní SS 3 nígbà tí ìkéde náà jáde.

Fún irú wọn, NUGA tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1966 ṣì wà, NIPOGA wà fún àwọn politẹ́kíníìkì, NICEGA sì wà fún àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni. Kò sí èyí tó ń béèrè físà nínú wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó wọn kéré, tí wọn kì í sì í wáyé lọ́dọọdún. Ẹni tó bá sì fẹ́ dúró de Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé lábẹ́ òfin tí NCAA lò títí di ọdún 2025, ọdún kan péré ni asáré ní lẹ́yìn tó bá jáde girama. Bí ọdún náà bá kọjá, tó sì tún ń kópa nínú ìdíje nílé, wọn yóò máa yọ sáà kan kúrò nínú mẹ́rin tó ní, lọ́dọọdún.