Iyanrìn Ń Lé Chinguetti, Ìwé Ò Jẹ́ Kó Sá

Kọ́kọ́rọ́ igi ni wọ́n fi ń ṣí ilé ìṣúra nílùú Chinguetti, lórílẹ̀-èdè Mauritáníà. Igi gbọọrọ ni, wọ́n kan eyín kéékèèké sí i lórí bíi ti búrọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó ń ṣọ́ ilé náà yóò tì í bọ inú àgádágodo tóun náà jẹ́ igi, yóò gbé e sókè díẹ̀, ilẹ̀kùn yóò sì ṣí. Àlejò tó bá ń retí wúrà tàbí iyùn yóò rí i pé ìwé ló kún inú rẹ̀: ìwé àfọwọ́kọ lédè Lárúbáwá, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lo ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Àwọn ìwé yìí ló jẹ́ kí ayé ṣì máa dárúkọ Chinguetti títí dòní.

Ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin tó fún ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí Chinguetti àti Ouadane, ìlú àtijọ́ méjì tó wà lágbègbè Adrar nínú aṣálẹ̀ Sàhárà. Nouakchott, olú ìlú Mauritáníà tó wà létí òkun, ni ọ̀pọ̀ ti ń gbéra. Láti ibẹ̀ dé ìlú Atar lé ní 400 kìlómítà, ọ̀nà ọ̀dà sì ni. Ẹni tó bá gbọ́n yóò ti ṣe ẹ̀dà ìwé ìrìnnà rẹ̀ lọ́pọ̀ kó tó kúrò nílé, nítorí àwọn agbófinró ojú ọ̀nà yóò máa gbà á lọ́wọ́ àjèjì láti ibùdó kan sí èkejì. Àárín oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ọdún ni ìrìn àjò náà dùn jù. Tó bá ti di oṣù karùn-ún, oòrùn ibẹ̀ kì í ṣe èyí tí èèyàn ń forí lásán pàdé.

Chinguetti tó nǹkan bí 80 kìlómítà sí Atar. Ọ̀nà náà gun àwọn òkè olókùúta, kó tó wá sọ̀ kalẹ̀ sórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí iyanrìn gbà kan. Bí mọ́tò bá dé ibi tí iyanrìn ti jìn, awakọ̀ yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò jo afẹ́fẹ́ díẹ̀ kúrò nínú táyà, nítorí táyà tó bá le koko níí rì.

Ipadò gbígbẹ kan ló pín ìlú náà sí méjì. Ìlú tuntun wà lápá kan, ìlú àtijọ́ wà lódì kejì. Òkúta pẹlẹbẹ ni wọ́n tò lé ara wọn láìfi sìmẹ́ǹtì kan án, tí wọ́n fi kọ́ ilé àti mọ́ṣáláṣí ìgbàanì. Ilé gogoro mọ́ṣáláṣí yìí kò ní ọ̀ṣọ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹyin ògòǹgò márùn-ún ni wọ́n gbé sí i lórí. Ilẹ̀ Yorùbá mọ ògòǹgò sí ọba ẹyẹ; ní Chinguetti, ẹyin rẹ̀ ló dé ilé Ọlọ́run ládé. Ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí kì í wọ inú mọ́ṣáláṣí náà; ìta ni yóò ti wò ó.

Ìlú yìí kì í ṣe abúlé nígbà ayé rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà láti ìwọ̀ oòrùn Sàhárà ti máa ń kóra jọ, kí wọ́n tó jọ gbéra. Òkìkí rẹ̀ pọ̀ débi pé orúkọ ìlú náà ni àwọn ará ìlà oòrùn fi ń pe gbogbo ilẹ̀ náà. Àwọn ọ̀wọ́ ràkúnmí ń gbé iyọ̀ wá láti Idjil, wọ́n ń fi ṣe pàṣípààrọ̀ ọjà tó ti gúúsù wá. Ẹrú náà wà lára ọjà aṣálẹ̀ nígbà náà, kò sì yẹ kí ẹwà òkúta bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Ọdún 1981 ni Mauritáníà tó fòfin de oko ẹrú. Àwọn oníṣòwò àti arìnrìn-àjò wọ̀nyí náà ló ń ru ìwé bọ̀: Kùránì, ìwé òfin, ìwé ìràwọ̀, ìwé ìṣirò àti ti ìṣègùn. Ìlànà Màlíkì tí wọ́n ń tẹ̀ lé níbẹ̀ ni àwọn àáfà Ìlọrin àti Ìbàdàn náà ń tẹ̀ lé, ìwé Rísálà kan náà ni wọ́n sì jọ ń kọ́.

Ouadane, tó wà ní àríwá ìlà oòrùn Chinguetti, ni ọjọ́ kejì máa ń bá àlejò. Ọdún 1147 ni wọ́n ní wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó. Orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ló wà, àwókù rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máà ṣe é yà sọ́tọ̀ lára òkúta òkè náà. Wọ́n ń fi àdúgbò kan hàn níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní òpópó ogójì onímọ̀, nítorí wọ́n ní ilé tó tẹ̀lé ara wọn níbẹ̀, ilé onímọ̀ ni. Lọ́dún 1996, àjọ UNESCO kọ ìlú méjèèjì, pẹ̀lú Tichitt àti Oualata, sínú ìwé ogún gbogbo ayé.

Ṣùgbọ́n ogún náà wà nínú ewu. Iyanrìn ti bo àwọn ilé kan ní Chinguetti mọ́lẹ̀. Ikán ń jẹ ìwé. Òjò tí kì í sábà rọ̀, tó bá wá dé lójijì, ó ń wọ inú ilé. Àwọn kan ní kí wọ́n kúkú kó ìwé náà lọ sí Nouakchott, níbi tí ilé ìwádìí ìjọba ti ń tọ́jú irú wọn. Ọ̀pọ̀ ìdílé kọ̀ jálẹ̀. Àwọn baba ńlá wọn ló fi ìwé náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìgbẹ́kẹ̀lé tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà. Wọ́n tún mọ̀ pé bí ìwé bá lọ, kò sí ohun tí yóò mú àlejò wá mọ́, ọmọ tó sì ti lọ sí ìlú ńlá kò ní rí ohun tí yóò pè é wálé.

Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn láti dá. Ní oṣù kìíní ọdún 2013, nígbà tí àwọn ajàjàgbilẹ̀ ń sá kúrò ní Timbuktu lórílẹ̀-èdè Málì, wọ́n dáná sun ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé àtijọ́ níbẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé ìlú náà bọ́ nítorí pé àwọn tó ń tọ́jú wọn ti fi ọgbọ́n kó wọn lọ sí Bamako ṣáájú. Ìtàn yẹn ń gbè fún ẹni tó ní kí wọ́n kó ìwé lọ. Ó tún ń gbè fún ẹni tó ní kí ìwé wà lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, nítorí àwọn tó fẹ́ràn wọn ló gbà wọ́n là.

Owó àlejò ni àwọn ìdílé yìí fi ń gbọ́ bùkátà ilé ìwé náà. Nígbà tí wọ́n pa àwọn ará Faransé mẹ́rin lẹ́bàá Aleg ní oṣù kejìlá ọdún 2007, wọ́n fagi lé ìdíje mọ́tò Dakar ti 2008, àlejò sì dáwọ́ dúró. Ọdún 2017 ni ọkọ̀ òfuurufú tó ń kó àlejò láti Faransé tún padà ń balẹ̀ sí Atar. Ẹni tó bá fẹ́ lọ lónìí yóò kọ́kọ́ wádìí ètò ààbò, yóò sì gba amọ̀nà tó mọ ilẹ̀.

Bó bá dé ibẹ̀, wọn yóò fún un ní tíì ife mẹ́ta, wọn yóò gbé dàbínù síwájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò mú un lọ wo ìwé. Ẹni tó ń ṣọ́ ilé yóò kọ́kọ́ gbá iyanrìn tó ti kóra jọ sẹ́nu ọ̀nà kúrò. Àná ló gbá a, yóò sì tún gbá a lọ́la. Lẹ́yìn èyí ni yóò tó fa kọ́kọ́rọ́ igi rẹ̀ yọ.