Ohùn Tó Jókòó Sórí Tábìlì

Ohùn akọrin ò sí níbi tó yẹ kó wà. Ọ̀rọ̀ náà gba oorun lójú mi fún alẹ́ mẹ́ta.

Mo kan àpótí sípíkà méjì tí màá gbé sórí tábìlì ìkọ̀wé mi. Plywood ni mo lò, mo ti òwú sínú wọn, mo sì de sípíkà íǹsì 3 mọ́ iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwo Yusuf Ọlátúnjí, akọrin sákárà tí wọ́n ń pè ní Bàbá Lẹ́gbà, ni mo fi dán an wò. Gòjé ń ké, àmọ́ ìlù sákárà gbẹ, ohùn Bàbá Lẹ́gbà sì ń rìn gbéregbère káàkiri yàrá bí àlejò tí wọn ò fún níjòókòó. Bẹ́ẹ̀ àwo àtijọ́ ni. Ohun kan náà gan-an ló ń lọ sí ọ̀tún àti òsì, àárín méjèèjì ló yẹ kí ohùn ti máa jáde.

Mo fa òwú yọ, mo tún un tì. Mo fi àtè kun gbogbo oríkèé àpótí. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta ni mo tó rí i pé ibi tó yẹ kí wáyà pupa wà lára ọ̀kan, dúdú ni mo jó mọ́ ọn. Bí ọ̀tún ṣe ń ti afẹ́fẹ́ síwájú ni òsì ń fà á sẹ́yìn, wọ́n sì ń pa ohùn ara wọn. Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ kan àpótí gan-an nìyẹn: ẹ̀yìn sípíkà máa ń sọ òdìkejì ohun tí iwájú rẹ̀ ń sọ, bí a ò bá há ti ẹ̀yìn mọ́lé, ohùn ìsàlẹ̀ ló máa kọ́kọ́ kú.

Mo pààrọ̀ wáyà. Mo fi ẹsẹ̀ bàtà 2 sáàárín àpótí méjèèjì, mo fi ẹsẹ̀ bàtà 2 sáàárín èmi àti ọ̀kọ̀ọ̀kan, a wá jókòó bí ààrò mẹ́ta. Ohùn dé, ó jókòó síwájú mi. Mo gbọ́ bó ṣe fa èémí kó tó lé orin.

Ọmọ mi pè láti pálọ̀: "Mọ́mì, ṣé ẹ ti pa á ni?"

Ìbéèrè yẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ bàbá mi. Ní ìdájí, á jókòó nílẹ̀ẹ́lẹ̀, á fi etí ti rédíò bí ẹni tí wọ́n ń sọ àṣírí fún. Bí ìlù tó ṣáájú ìròyìn bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, á fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú rédíò. Mo gbà pé etí rẹ̀ ti ń di. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń pariwo bá a sọ̀rọ̀. Jẹ́jẹ́ ló máa ń dá mi lóhùn.

Ní gbangba, bí a bá dín àlàfo tó wà láàárín etí àti sípíkà kù sí ìdajì, ìró á fi decibel 6 lékún láìfọwọ́ kan bọ́tìnnì. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn dáadáa, ìwọ̀nba tí ẹlòmíì nínú yàrá ò ní gbọ́ ti tó o.

Etí Bàbá ò di. Ẹni márùn-ún la sùn lórí ẹní nínú yàrá yẹn, ẹsẹ̀ àbúrò mi kékeré fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún rẹ̀. Mi ò rántí ọjọ́ kan tí ìlù ìròyìn jí ọmọ náà.