Ògiri Amọ̀ Sakété àti Ọ̀pẹ Pobẹ̀

Ẹni tí ó bá ti Ìdí-Ìrókò kọjá sí Ìgólò yóò rí i pé owó àti èdè ìjọba ni ó yí padà. Yorùbá kò yí. Ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fohùn ṣọ̀kan lé lórí ní 1889 ni ó pín àwọn ẹbí ibẹ̀ sí méjì. Ọ̀nà yìí ni àwa mọ́kànlá gbà, tí a lọ kọ́ bí a ti ń fi ọ̀dà gouache ya àwòrán níta gbangba.

Omi ni a fi ń po ọ̀dà yìí. Oje igi ẹlẹ́gùn-ún kan, irú èyí tí ó ń hù ní Borno, ni ó so ó pọ̀. Ó máa ń bo ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀tàn: àwọ̀ tí ó mọ́ máa ń ṣú díẹ̀ bí ó bá gbẹ, èyí tí ó ṣú a sì máa mọ́. Nígbà ọyẹ́, àfi kí a tẹ́ aṣọ tí a rẹ sínú omi sábẹ́ rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò gbẹ lórí àwo.

Ọ̀kan nínú wa ní ohun kan lọ́kàn tí ó ju eré lọ. Agbo ilé kan ní Sakété ni wọ́n ti bí ìyá rẹ̀. Ẹsẹ̀ ìyá náà kò gbé ìrìn mọ́, wọ́n sì fẹ́ wó ògiri amọ̀ àtijọ́ náà kí wọ́n lè fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn. Ó ti ya fọ́tò, ṣùgbọ́n fọ́tò sọ pupa ilẹ̀ náà di àwọ̀ ọsàn.

Ìyá àgbà kan ní agbo ilé náà gbé àpótí jókòó tì í. "O kú iṣẹ́, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n àwọ̀ ilé wa kọ́ nìyí."

Láti ìgbà náà ni ó ti ń kọ́kọ́ kun ọ̀dà sórí àjákù ìwé, tí ó ń dúró kí ó gbẹ, tí ó sì ń gbé e ti ògiri wò. Ẹ̀ẹ̀kẹrin ni ìyá àgbà tó mi orí.

Ní Pobẹ̀, níbi tí ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà láti 1922, imọ̀ ọ̀pẹ ni ó fún wa ní iṣẹ́: lábẹ́ oòrùn ọ̀sán ó fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun. Bí a ti kọjá sí ìhà Ìsàbà, ilẹ̀ pupa parí, ilẹ̀ dúdú àwọn Ọ̀họ̀rí bẹ̀rẹ̀, èyí tí ń lẹ̀ mọ́ bàtà ní òjò tí ó sì ń sán ní ẹ̀ẹ̀rùn. (Ẹ̀yin tí ẹ bá ń lọ, ẹ kọ́kọ́ kí onílé, kí ẹ sì tọrọ àyè kí ẹ tó ya ilé rẹ̀.)

Arábìnrin wa fi ọ̀rá wé àwòrán rẹ̀ dé ilé, nítorí ẹ̀kán omi kan lè ba gouache jẹ́. Ó sọ fún wa pé ìyá òun fi ìka tọ́ka sí ilẹ̀kùn kejì, ó sì béèrè ẹni tí ń gbé yàrá yẹn báyìí.