Ẹ́ńjìnnì Tó Kọ̀ Tí Kò Dáhùn ní Mamobi

Bí Yorùbá kan bá dé ìlú Accra ní orílẹ̀-èdè Ghánà, tó sì ń wá ibi tí etí rẹ̀ yóò ti gbọ́ èdè ìyá rẹ̀, wọn yóò júwe Accra New Town fún un, èyí tí wọ́n ń pè ní Lagos Town nígbà kan. Wọn yóò júwe Nima àti Mamobi tó múlé gbe é pẹ̀lú. Zongo ni Mamobi, irú ibi tí àwa ń pè ní Sábó nílé, èdè Hausa sì ni tonílé tàlejò fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Mamobi kò sí létí òkun. Ìdí nìyí tó fi yà mí lẹ́nu láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù bàbá mẹkáníìkì kan tó jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tí mo bá ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ apẹja nílẹ̀, tí ẹni tó ni ín sì ń pariwo lé e lórí. Ọmọ Ga ni ọkùnrin náà. Gbogbo ohun tó ń sọ ni kò yé mi, àfi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: “Alata.” Orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀ nìyẹn.

Bàbá túmọ̀ rẹ̀ fún mi: “Ó ní Alata ti gba owó òun jẹ.”

Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì náà fún un pé àtúnṣe ti parí. Ní ìdájí ọjọ́ Ajé, wọ́n fa okùn rẹ̀ ní James Town títí ọwọ́ fi bó, kò dáhùn. Àwọn ẹgbẹ́ wọn wọ òkun lọ, wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ létí omi. Àwọn Ga kì í pẹja lójú òkun lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, èèwọ̀ ni. Òní nìkan ló kù fún un. Bí ilẹ̀ ọ̀la bá mọ́ láìsí ẹ́ńjìnnì, àwọn atukọ̀ rẹ̀ yóò wá ọkọ̀ mìíràn bá lọ.

Bàbá kò bá a jiyàn. Ó gbé ìdí ẹ́ńjìnnì náà sínú dúrọ́ọ̀mù omi, nítorí omi ló ń mú un tutù. Ó wo okùn pupa tó máa ń pa ẹ́ńjìnnì bó bá já bọ́. Ó wà níbi tó yẹ. Ó wo jíà, kò sí nínú iṣẹ́. Ó tú ihò atẹ́gùn orí táǹkì epo.

“Ohun mẹ́ta ni ẹ́ńjìnnì ń béèrè, ọ̀gá oníròyìn,” ó wí fún mi. “Epo, iná, àti afẹ́fẹ́ tó fún pọ̀ dáadáa. Bó bá kọ̀ lẹ́yìn àtúnṣe, ibi tí ọwọ́ wa kàn kẹ́yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.”

Ó tú púlọ́ọ̀gì, ó fi í sẹ́nu wáyà rẹ̀, ó gbé e ti irin ẹ́ńjìnnì, ó ní kí ọmọ iṣẹ́ fa okùn. Iná ṣẹ́ yọ, ó mọ́ rokoṣo. Ṣùgbọ́n ẹnu púlọ́ọ̀gì náà gbẹ táútáú. Bó bá jẹ́ pé ó rin fún epo ni, iná ni wọn ì bá máa wá. Iná wà, púlọ́ọ̀gì gbẹ, a jẹ́ pé epo ni kò dé.

Ó fún bọ́ọ̀lù rọ́bà tó wà lójú ọ̀nà okùn epo. Ó yẹ kó le lọ́wọ́, kò le. Ó yí i padà, ó sì dákẹ́. Ọfà tí wọ́n fi sára bọ́ọ̀lù náà kọjú sí táǹkì dípò ẹ́ńjìnnì. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni epo lè gbà nínú rẹ̀. Okùn epo ti ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n fi dán ẹ́ńjìnnì wò. Lẹ́yìn náà ni ọmọ iṣẹ́ fi bọ́ọ̀lù tuntun pààrọ̀ èyí tó ti sán lára okùn oníbàárà, tó sì gbé e sódì.

Èmi àti Bàbá nìkan ló rí ọfà náà. Ó lè yí i padà jẹ́jẹ́, kó sì di ẹ̀bi ru epo aláìmọ́. Dípò bẹ́ẹ̀, ó fi hàn án, ó ní ẹ̀bi àwọn ni, ó sì dá ìdajì owó iṣẹ́ padà. Lẹ́yìn tó to bọ́ọ̀lù náà bó ṣe yẹ, tó fún un títí ó fi le, ẹ́ńjìnnì dáhùn nígbà tí wọ́n fa okùn lẹ́ẹ̀kẹta. Ọkùnrin náà ka owó rẹ̀, ó gbé ẹ́ńjìnnì sínú takisí, kò dúpẹ́.

Mo bi Bàbá pé kí ló dé tí kò fi bò ó mọ́lẹ̀. Ó rán mi létí òfin tí ìjọba Kofi Busia ṣe ní ọjọ́ 18, oṣù November, ọdún 1969, tó fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò ní Ghánà. Àwa náà kúkú lé ọmọ Ghánà kúrò ní Nàìjíríà ní 1983.

“Bàbá mi sá lọ, kò rí irinṣẹ́ rẹ̀ kó,” ó wí. “Oníbàárà rẹ̀ kan, ọmọ Ga, ló kó wọn pa mọ́. Nígbà tí mo padà wá, sípánà kan kò dín níbẹ̀. Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà, lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n sípánà yẹn ni mo fi ń jẹun.”

Ó wá pe ọmọ iṣẹ́ tó ti ń gbọ̀n. Kò nà án. Ó gbé ọ̀dà pupa lé e lọ́wọ́, ó ní kó kun ọfà ara gbogbo bọ́ọ̀lù tó wà ní ṣọ́ọ̀bù náà.